Fọ́ọ̀mù Tí Mo Gbé Lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Ìparí oṣù Kejìlá ni èmi àti ọmọ mi obìnrin lọ sílé. Ó wà ní kíláàsì kẹsàn-án ní Maryland, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ti fún wa ní ìwé tí a kọ orúkọ gbogbo ẹ̀kọ́ tó lè yàn fún ọdún tó ń bọ̀ sí. Kí a tó wọ ọkọ̀ òfurufú ni mo ti fi bírò pupa sàmì sí Kẹ́mísìrì àti Ìṣirò. Ojú ewé Social Studies ni mi ò tíì ṣí rárá.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ló fà á. Nígbà tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́, JSS 3 ni Social Studies parí sí. Bí a ṣe dé SS 1 ni wọ́n pín wa: ẹni tí wọ́n bá ní orí rẹ̀ pé, ó di kíláàsì sáyẹ́ǹsì, àwọn yòókù lọ sí Arts àti Commercial. Sáyẹ́ǹsì ni wọ́n mú mi sí, mi ò sì jókòó ní kíláàsì Government lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojú yẹn náà ni mo fi ń wo ìwé ọmọ mi: ohun tí òfin bá sọ pé dandan ni, kó ṣe é, kó kúrò níbẹ̀.

Kírẹ́díìtì Social Studies mẹ́ta ni òfin Maryland béèrè kí ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí girama. Kírẹ́díìtì kan fún ìtàn Amẹ́ríkà, kan fún ìtàn àgbáyé, kan fún ètò ìjọba, láti ti ìbílẹ̀ dé ti àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ewé yẹn gùn ju mẹ́ta lọ. Psychology wà níbẹ̀, Economics wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní AP (Advanced Placement), tí wọ́n ń kọ́ bíi ti yunifásítì. Oṣù Karùn-ún ni ìdánwò wọn, 1 sí 5 ni máàkì rẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì máa ń gba 3 sókè. Ẹ bi yunifásítì tí ẹ ní lọ́kàn, nítorí kì í rí bákan náà níbi gbogbo.

Ọmọ mi ti sàmì sí AP Human Geography. Mo ní iṣẹ́ wo ni ìyẹn fẹ́ fún un.

Màámi ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé nínú ọyẹ́. "Àbẹ̀kẹ́, kí lẹ̀ ń fà mọ́ra yín lọ́wọ́?"

Mo ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àwọn èèyàn tó ń gbé orí rẹ̀ ni. Ọmọ mi fi kún un pé apá kan wà níbẹ̀ tó dá lórí ṣíṣí kúrò nílùú: ohun tó ń ti èèyàn jáde nílé, ohun tó ń fà á lọ síbòmíràn, àti àwọn tí wọ́n fi tipá lé.

Màámi gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Tí wọ́n fi tipá lé?"

Mo mọ̀ pé Tamale ní Gánà ni wọ́n bí i sí. Ta ni kò mọ ará Gánà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ wa tó ti ibẹ̀ padà wálé? Àwọn àgbà kan wà ládùúgbò wa nítòsí Takie tó jẹ́ pé èdè Hausa ni wọ́n fi ń ka owó. Ṣùgbọ́n mi ò bi í rí. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó máa lọ. Ọmọ ọdún 12 ni Màámi. Bàbá rẹ̀ ń ta wọ́rọbọ̀, ó sì ti tà fún ọ̀pọ̀ èèyàn láwìn. Gbogbo gbèsè yẹn ló fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání.

"Wọ́n ní ká máa lọ sílé," ó ní. "Ilé wo? Ibẹ̀ ni mo mọ̀. Nígbà tá a délé, wọ́n tún ń pè wá ní ará Gánà."

Mo rántí báàgì Ghana-must-go. Ìgbà tí Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà ní 1983 ló gba orúkọ yẹn. Ti 1969 kò fi orúkọ sílẹ̀ lára nǹkan kan nínú ọjà wa, ìyẹn sì dùn mí púpọ̀. Ìtàn ìyá mi ni ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́ níyàrá ẹ̀kọ́ l'Amẹ́ríkà, èmi sì ń bi í pé iṣẹ́ wo ló máa fún un.

Màámi ní kó ka èyí tó kù. Ó ka AP African American Studies, ẹ̀kọ́ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tó di ti gbogbogbòò ní 2024. Ó ní ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, láti orí Mali àti Songhai, kí wọ́n tó dórí òwò ẹrú.

"Ọ̀yọ́ ńkọ́?"

Ó ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fúnra rẹ̀ yan kókó kan tó máa ṣèwádìí lé lórí. A fi ìyẹn sí kíláàsì kọkànlá.

Mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà lórí àga Màámi. Láti ìgbà tá a ti padà, ọmọ mi máa ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó sì ń kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Ibi ìrìn-àjò wọn láti Gánà padà sílé ni ìtàn náà dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dahomey, tó ń jẹ́ Benin Republic lónìí.