Ta ló ti san kọ́bọ̀ lórí orúkọ mi rí?

Òjò ṣú lọ́sàn-án, kò rọ̀. Mo lọ sílé ìwé, mo máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ, mo gba ọjà kọjá, mo délé. Gbogbo ohun tí mo ṣe lónìí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí n lè sùn.

"Ta ló ti san kọ́bọ̀ lórí orúkọ mi rí?"

Yèyé tó ń ta gààrí níwájú ilé wa ló sọ ọ́. Inú rẹ̀ ń dùn nígbà tó ń sọ ọ́, ibi tó ti ń dùn mọ́ ọn náà ló ti ń dùn mí.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan ló ta kánópì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Wọ́n ń gba NIN, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń gba àtàǹpàkò, wọ́n sì ń fún èèyàn ní ₦2,000. Ìlà ti gùn kí n tó débẹ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ẹni tó rán wọn. Èmi náà ò bèèrè. Mo dúró, mo ń wò.

Ẹ̀rọ ò mọ ìka Yèyé. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń bó ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ àti omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ ìlà orí ìka rẹ̀ tán. Ọmọ náà ki òwú bọ spírítì, ó fi nù ún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ, iná pupa tàn. Ó tún un nù. Pupa. Yèyé fa ìka náà padà, ó fi ra etí ìró rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i bí ẹni ń fẹ́ iná, ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, tún un wò." Ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni iná tó tàn bí ewé. Wọ́n ka owó sí i lọ́wọ́, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n gbà á nígbà síìmù, mo fún wọn. Wọ́n gbà á nígbà NIN, mo dúró lórí ìlà títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n gbà á nígbà káàdì ìdìbò. Ta ló ti san kọ́bọ̀ lórí orúkọ mi rí?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn, pẹ̀lú ojú rẹ̀ àti ìka rẹ̀, ẹlòmíì lè fi wọ́n jẹ gbèsè lórúkọ rẹ̀. Àmọ́ báwo ni màá ṣe sọ ọ́, nígbà tí òótọ́ ni òun náà ń sọ? Ẹni tí gbogbo ayé ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan wá san owó lónìí, èmi fẹ́ wí fún un pé owó náà kéré.

Ó kéré. Ó kéré jù.

Àkókò kajú la wà yìí. Ẹni tó bá wá ra kajú lọ́wọ́ wa, ó ń gbé òṣùwọ̀n wá. Bó bá dá iye lé kílò kan, a ó ní rárá, ẹni àná san jù bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ̀ pé Vietnam àti India ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ, a mọ̀ pé owó gidi wà níwájú níbẹ̀, síbẹ̀ a máa ń nájà. Orúkọ ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n? Bí mo bá ta kajú, ó ti lọ, igi á tún so lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó ra orúkọ Yèyé lè tún un tà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ iye tí wọ́n ń ta gígà kan. Dátà tí à ń rà nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ wa, ta ló mọ iye rẹ̀?

Mo ń ka nǹkan kiri lórí fóònù ní alẹ́ yìí. Ní 2013, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Alessandro Acquisti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn kan ní káàdì ìrajà dọ́là 10 tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ohun tí wọ́n fi rà. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní ti dọ́là 12, ṣùgbọ́n orúkọ wọn á wà lára ohun tí wọ́n bá rà. Wọ́n wá ní ẹni tó bá wù lè pààrọ̀. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gba dọ́là 10, ó lé ní ìdajì tó di tiwọn mú, tí wọn ò fẹ́ dọ́là 2 lé. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gba dọ́là 12, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló fi dọ́là 2 sílẹ̀ kí orúkọ òun lè wà ní bòókẹ́lẹ́.

Yèyé ò tíì ní káàdì dọ́là 10 yẹn lọ́wọ́ rí. Kò sẹ́ni tó fún un.

Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Ó ní ẹni tó ti gbà lè padà wá sọ pé òun ò gbà mọ́. Lọ́dọ̀ ta ni Yèyé á ti sọ ọ́? Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ká kánópì. Ihò mẹ́rin ló kù nílẹ̀.

Inú ń bí mi. Bóyá kì í ṣe sí wọn...

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ọ̀rọ̀ ₦15,000 tí mo yá lórí áàpù fóònù yẹn. N kò fẹ́ tún un sọ, ṣùgbọ́n òun ló wà nídìí ìbínú yìí. Nọ́ńbà 214 ló wà lórí fóònù mi lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ni áàpù náà ní kí n tẹ "mo gbà" kí wọ́n lè rí gbogbo wọn, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí owó pẹ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀gá wa nílé ìwé gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni mí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsánlú gbà á. Bàbá tó ń bá mi tún ọ̀kadà ṣe náà gbà á. Kò sí ìkankan nínú wọn tó yá owó. Mo tún kà á pé ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí fi píṣà lọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè fún wọn ní í-meèlì àwọn ọ̀rẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ ló sì fún wọn. Mo gbé fóònù kalẹ̀ nígbà tí mo kà á débẹ̀.

Orúkọ ara rẹ̀ ni Yèyé tà. Orúkọ àwọn ẹlòmíì ni èmi tà. Èmi wá ni mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánópì tí mò ń káàánú rẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, ọ̀gá wa ò tíì bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ń kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. Ì bá sàn kó bínú.

Mo lọ ra gààrí lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ó wọn gààrí, ó fi ẹ̀ẹ̀nì lé e, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí owó wọlé fún un lónìí. Ó ti fi lára rẹ̀ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi kí n wò ó: ibi tí spírítì kàn lórí àtàǹpàkò náà mọ́ ju gbogbo ọwọ́ yòókù lọ.

Ó ní, "Ti ọwọ́ òsì ńkọ́? Ṣé wọn ò ní padà wá ra ìyẹn?"

Mo kàn kí i bí a ṣe ń kíra níbí, mo ní, "Òkun o, Yèyé." Mo gbé gààrí mi, mo wọlé.