Owó Tí Wọ́n Ń Gbà Lórí Sáfíìsì Ọkọ̀ Mi
Láti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti máa ń gba Ṣágámù gbé ọkọ̀ mi lọ sí Èkó, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n tà á fún mi, kí wọ́n lè pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Nígbà tí mo fara balẹ̀ ka ríṣíìtì wọn lóṣù tó kọjá, mo rí i pé owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ju owó ọ́ìlì lọ, wọ́n sì ti fi owó fífọ ẹ́ńjìnnì tí n kò bèèrè fún kún un. Ó dùn mí gan-an. Mẹkáníìkì mi nílé níbí, tí ó máa ń jẹ́ kí n fojú ara mi rí ọ́ìlì kí ó tó dà á, kì í gbà tó ìdajì iye yẹn.