Ímeèlì tí ẹ ń wá kì í sábà sọnù: bí ẹ ṣe lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú Gmail

Bí ẹnìkan bá ní òun ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín, tí ẹ wo Inbox títí tí ẹ kò rí i, ẹ má tíì yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ẹ má sì tíì ní kó tún fi í ránṣẹ́. Ibi mẹ́ta péré ni ímeèlì ti lè dúró: lọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́, lójú ọ̀nà láàárín sáfà kan sí èkejì, tàbí nínú àkáǹtì yín gan-an, níbi tí ojú yín kò dé. Ẹ̀kẹta yìí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì yá jù láti yẹ̀ wò, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú àpótí ìwádìí tó wà lókè, ẹ kọ in:anywhere, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ wá kọ from: kí ẹ sì lẹ àdírẹ́sì ẹni náà mọ́ ọn láìfi àyè sí i. Ìdí tí in:anywhere fi ṣe pàtàkì ni pé bí ẹ bá kọ orúkọ lásán, Gmail kì í wo inú Spam (ibi tó ń kó ímeèlì tó bá fura sí sí) àti Trash (ibi tí ohun tí ẹ bá pa rẹ́ ń lọ). Àìmọ̀ èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ímeèlì kò dé nígbà tó jẹ́ pé ó ti dé tipẹ́. Bí ẹ bá bá a nínú Spam, ẹ ṣí i kí ẹ tẹ Report not spam, kí Gmail lè mọ̀ pé ẹni náà kì í ṣe oníjìbìtì. Ẹ má fi í falẹ̀ o: ọjọ́ 30 ni ohun tó bá wọ Spam tàbí Trash ń lò níbẹ̀, lẹ́yìn náà Gmail á pa á rẹ́ pátápátá.

Bí kò bá sí nínú méjèèjì, ẹ wo All Mail. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi sí Archive wà níbẹ̀. Archive kò pa nǹkan kan rẹ́, ó kàn gbé e kúrò lójú Inbox ni, àmọ́ lórí fóònù ó rọrùn láti fi ìka fa ímeèlì kan sí ẹ̀gbẹ́ láìmọ̀, kó sì bá ibẹ̀ lọ. Mute náà ń ṣe irú rẹ̀: ìjíròrò tí ẹ bá ti fi Mute pa lẹ́nu mọ́ kì í padà sí Inbox bí èsì tuntun bá tilẹ̀ dé. Ẹ kọ is:muted láti rí wọn. Ẹ sì rántí pé Gmail ń kó ímeèlì tí àkọlé wọn bára mu jọ sójú kan, nítorí náà èsì òní lè wà lábẹ́ ímeèlì oṣù tó kọjá. Ẹni tí èyí bá ń dà láàmú lè pa Conversation view nínú Settings, kí ímeèlì kọ̀ọ̀kan máa dá dúró.

Filter àti Forwarding

Bí ímeèlì bá ń dé ṣùgbọ́n tí kì í dúró ní Inbox, ẹ lọ wo Filter, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ fún Gmail ohun tí yóò fi ímeèlì kan ṣe bó bá ti dé. Ẹ tẹ àmì jíà tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ See all settings, kí ẹ ṣí Filters and Blocked Addresses. Áàpù orí fóònù kò ní ojú ìwé yìí. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é, tàbí kí ẹ ní kí búráúsà fóònù yín ṣí Gmail bó ṣe ń rí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ka ìlà ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní Skip Inbox ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé ímeèlì wọlé. Èyí tó ní Delete it ń jù ú sínú Trash kí ojú yín tó kàn án. Ọ̀rọ̀ tó gbòòrò jù ló sábà máa ń ba Filter jẹ́. Ẹni tó bá ní kó pa gbogbo ímeèlì tó ní ọ̀rọ̀ náà "invoice" rẹ́, torí oníjìbìtì kan tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ti pa ìwé owó tirẹ̀ náà mọ́ ọn. Àdírẹ́sì ni kí ẹ máa fi dá Filter, ẹ má fi ọ̀rọ̀ lásán dá a.

Filter tí ẹ kò fọwọ́ ara yín dá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó bá jí wọ inú àkáǹtì máa ń fi Filter bo ìmọ̀ràn àti ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ má baà rí i, á sì wọ Forwarding and POP/IMAP lọ fi àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ̀dà ohun gbogbo tó bá wọlé fún yín máa dé ọ̀dọ̀ òun náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rèé, ó sì ká mi lára: bí ẹ bá yí pásíwọ́ọ̀dù padà, Filter àti Forwarding yẹn kò kúrò. Olè ti jáde, ṣùgbọ́n fèrèsé tó ń gbà yọjú ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ kọ́kọ́ yí pásíwọ́ọ̀dù, torí bí ẹ bá tún ilé ṣe nígbà tó ṣì wà nínú rẹ̀, á tún un bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ yọ Filter àjèjì, ẹ yọ àdírẹ́sì Forwarding, kí ẹ wá ṣí Accounts and Import. Níbẹ̀, ẹ wo Send mail as bóyá wọ́n ti fi àdírẹ́sì mìíràn sí ibi Reply-to, ìyẹn àdírẹ́sì tí èsì ń lọ, kí ẹ sì wo Grant access to your account, níbi tí wọ́n ti ń fún ẹlòmíràn láyè láti wọ àkáǹtì, bóyá orúkọ ẹnìkan wà níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ Inbox lápá ọ̀tún lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Details. Ẹ tẹ ẹ́, á fi àkókò àti ibi tí wọ́n ti ṣí àkáǹtì yín hàn yín, ẹ ó sì lè ti gbogbo ibòmíràn pa láti ibẹ̀.

Lójú ìwé Forwarding and POP/IMAP kan náà, bí ẹ bá ń fi POP (ọ̀nà tí áàpù ímeèlì mìíràn fi ń kó ímeèlì jáde nínú Gmail) gba ímeèlì sórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ wo ohun tí wọ́n yàn fún ẹ̀dà Gmail. Bó bá jẹ́ delete ni, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn bá gbà ń lọ sínú Trash lórí wẹ́ẹ̀bù.

Àyè tó kún

GB 15 ni Google ń fún àkáǹtì ọ̀fẹ́, kì í sì í ṣe ti Gmail nìkan: Drive, tó ń tọ́jú fáìlì, àti Photos, tó ń tọ́jú fọ́tò àti fídíò, jọ ń jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tó bá kún, ẹ kò ní lè fi ímeèlì ránṣẹ́, ohun tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ sí yín á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni í. Ẹ lọ sí one.google.com/storage láti mọ èyí tó ń jẹ àyè jù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́. Ẹlòmíràn á pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ímeèlì rẹ́ láìrí ìyàtọ̀, torí fídíò inú Photos ló gbé gbogbo àyè.

Bó bá jẹ́ ímeèlì lóòótọ́, ẹ kọ has:attachment larger:10M older_than:2y sínú ìwádìí, yóò kó àwọn tó tóbi ju MB 10 lọ, tó sì ti lé ní ọdún méjì, síta. Bí ẹ bá mú gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré òkè, àwọn tó wà lójú ìwé yẹn nìkan ló mú. Ẹ tún tẹ Select all conversations that match this search tó bá yọ lókè. Lẹ́yìn pípa wọ́n rẹ́, ẹ tú Trash dà nù, nítorí ohun tó wà nínú Trash ṣì ń jẹ àyè.

Fáìlì tó kọ̀ láti lọ

MB 25 ni Gmail gbà láti fi ránṣẹ́ nínú ímeèlì kan, ṣùgbọ́n fáìlì MB 22 lè kọ̀ níbi tó ń lọ. Ohun tó fà á nìyí: ímeèlì ò lè gbé fáìlì bó ṣe rí. Wọ́n ní láti sọ ọ́ di lẹ́tà lásán kó tó rìn, gbogbo báìtì mẹ́ta á sì di mẹ́rin. Fáìlì MB 8 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó MB 11 lójú ọ̀nà, bí sáfà ẹni tó ń gbà á bá sì fi òpin sí MB 10, yóò dá a padà. Nítorí náà, bí fáìlì bá ti ń sún mọ́ MB 18, mo gbà pé ìjápọ̀ Drive ló dára jù. Èyí tó bá ju 25 lọ, Gmail fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ di ìjápọ̀. Bí ẹni tó gbà á bá wá ní òun kò lè ṣí i, Drive ṣì wà ní Restricted, ìyẹn pé ẹni tí ẹ bá fún láyè nìkan ló lè ṣí i. Ẹ ṣí Share, kí ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀.

Fáìlì tó ń parí sí .exe, .bat tàbí .js kò ní lọ rárá, bí ẹ bá tilẹ̀ dì í sínú zip.

Ímeèlì tó padà bọ̀

Ìwé tí Mail Delivery Subsystem, ẹ̀rọ tó ń ròyìn ímeèlì tí kò dé, bá fi ránṣẹ́ sí yín kì í ṣe pàǹtírí; nọ́ńbà inú rẹ̀ ni ìdáhùn. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, ìdíwọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni, Gmail á máa tún un gbìyànjú fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, ó ti parí síbẹ̀, àfi kí ẹ tún nǹkan ṣe. 550 5.1.1 túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo àdírẹ́sì náà lẹ́tà kan sí òmíràn. Bó bá parí sí @gmail.com, ẹ má dààmú lórí àmì ìdánudúró àárín orúkọ, Gmail kò kà á sí. Àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, ó lè sọ ọ́ di ẹlòmíràn. 552 5.2.2 ń sọ pé àpótí ẹni náà ti kún. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i ju kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà mìíràn.

Àkáǹtì ọ̀fẹ́ tó bá fi ímeèlì tó ju 500 lọ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ kan, Gmail á dá a dúró, ó sì lè tó wákàtí 24 kó tó tún lè fi nǹkan ránṣẹ́. Ẹni 500 nínú Bcc (ibi tí àwọn tó ń gbà á kò ti ń rí àdírẹ́sì ara wọn) ímeèlì kan ṣoṣo náà jẹ́ òpin.

Bí Gmail fúnra rẹ̀ bá kọ̀ láti ṣí

Ẹ kọ́kọ́ ṣí i nínú fèrèsé Incognito, ìyẹn fèrèsé ìkọ̀kọ̀ búráúsà. Bó bá ṣí níbẹ̀, Gmail kọ́ ló bàjẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn extension búráúsà (áàpù kéékèèké tí a fi kún un) tàbí cookie (ohun tí ojú òpó ń fi pamọ́ sínú búráúsà) tó ti pẹ́ ni. Ẹ pa extension lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tó ń dí i lọ́wọ́, ti adènà ìpolówó ni kí ẹ fi ṣáájú. Bí búráúsà bá ń kìlọ̀ pé ojú ewé náà kò láàbò, ẹ wo aago àti ọjọ́ kọ̀ǹpútà yín, nítorí aago tó bá fi ọdún kan ṣìnà á mú kí ìwé ẹ̀rí ààbò dà bíi pé ó ti kọjá àkókò rẹ̀.

Bí ẹ kò bá lè wọlé rárá, orí ẹ̀rọ tí ẹ ti máa ń lò tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ ti gbìyànjú Account recovery, kí ó sì jẹ́ ibi tí ẹ ti máa ń wọlé, nítorí Google ń wo méjèèjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá ti tan 2-Step Verification, tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù, lè gba backup codes (nọ́ńbà àfipamọ́ tí a fi ń wọlé bí fóònù kò bá sí) mẹ́wàá, oní nọ́ńbà mẹ́jọ-mẹ́jọ, nígbà tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé, kí ẹ má fi wọ́n pamọ́ sínú Gmail tí wọ́n fẹ́ ṣí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá sì gba mẹ́wàá tuntun, ti àtijọ́ ti kú nìyẹn, nítorí náà ẹ ya ìwé àkọ́kọ́ dà nù lọ́jọ́ náà gan-an.