Ta Ni Àṣàkẹ́?

Ẹni tó bá tún ní kí n wá to kọ̀ǹpútà fún àgbàlagbà, kó kọ́kọ́ gba lọ́yà fún mi.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bàbá ìyàwó mi l'Óṣogbo, tíṣà tó fẹ̀yìntì, àwọn tó fi bírò pupa mákì ìwé ìpè ìgbéyàwó wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ka ìwé ìròyìn lórí kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù àlòkù kan wà nílé mi: Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 10 rẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ ni kò lágbára Windows 11. Mo bá fi Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tí èèyàn lè fi rọ́pò Windows, sí i. Ọ̀gá kọ̀ǹpútà! Mo palẹ̀ ojú rẹ̀ mọ́, ó ku ìwé ìròyìn, YouTube àti géèmù káàdì. Mo sọ lẹ́tà di gàdàgbà bíi ti ara mọ́lúè.

Mo ní kí Bàbá tẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì, kíákíá. Kí wọ́n tó tẹ ìkejì, wọ́n ti béèrè àlàáfíà àwọn ìbejì mi, wọ́n ti ṣàdúrà fún wọn, wọ́n sì ti fúnra wọn ṣe àmín. Mo yí i sí ẹ̀ẹ̀kan péré. Orí mi ń wú ni.

Ó wá ku password. Mo ní, "Bàbá, ẹ mú ohun tí ẹ kò lè gbàgbé láéláé." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ń fi ìka kan ṣa lẹ́tà. Èmi olóye sì ti ṣí i kí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ máa hàn, kí wọ́n má baà ṣì í. Àfi bí Màmá ṣe gbé àsáró wọlé. ASAKE1969 ló gba ojú kọ̀ǹpútà láti etí dé etí.

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì Màmá. Ọdún 1974 ni àwọn méjèèjì sì tó pàdé.

"Ta ni Àṣàkẹ́?"

Bàbá wúkọ́. "Olórin ni. Òun làwọn ọmọ ìwòyí ń gbọ́." Bàbá tí í pa rédíò tí wọ́n bá ti lu ìlù!

Màmá kọjú sí mi: "Bàbá Ìbejì, ọdún wo ni wọ́n bí olórin yẹn?"

1995 ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kó sábẹ́ tábìlì, mo ní mò ń wá wáyà. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá lókè: "Ẹ bi àna yín. Àwọn ló tẹ̀ ẹ́."

Kí ni kí n sọ? Mo ti dọ̀bálẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà."

Ní báyìí, ìyàwó mi ń bi mí ta ni Àṣàkẹ́. Ní 1969! Bàbá tó bí mi gan-an kò tíì wọ ṣòkòtò nígbà yẹn. Màmá ti pààrọ̀ password, wọ́n ń ta káàdì dòru, Bàbá sì ń tọrọ ààyè kí wọ́n tó ka ìròyìn. Wọ́n pè mí lánàá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣí i láìjẹ́ kí Màmá mọ̀?

Mo ní, "Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa," mo pa fóònù.