«Lè» tí olóòtú yọ

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Mo dé ọ́fíìsì láàárọ̀, mo bá àpilẹ̀kọ mi lórí tábìlì olóòtú, bírò pupa ti gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ti yọ «lè». Èmi kọ ọ́ pé aflatoxin, májèlé inú àgbàdo tó bu, lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀. Òun ní ó ń fà á. Àkọlé tó fún un ni: «Àgbàdo tí ẹ ń jẹ ń pa yín.»

Ara mi gbóná. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, «lè» yẹn ni gbogbo iṣẹ́ mi." Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ni àrùn ń mú. Bó ti pọ̀ tó, bó ti pẹ́ tó téèyàn ti ń jẹ ẹ́, bóyá àrùn mẹ́dọ̀wú B ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo sì rántí Tàǹtí, àbúrò ìyá mi, tó ń ta àgbàdo ní ọjà Wàńdó. Ta ni yóò na owó sí wọn mọ́ lẹ́yìn irú àkọlé bẹ́ẹ̀?

Ó wò mí títí. "Ó dáa, Dókítà. Mo dá a padà. Ó ku tèmi."

Ìtàn àwọn tòlótòló tó lé ní 100,000 tó kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, nítorí ẹ̀pà tó ti bu tí wọ́n fi bọ́ wọn, ìparí ni mo fi í sí. Ibẹ̀ kúkú ni wọ́n ti rí májèlé yìí mú. Ó gbé e wá síwájú pátápátá. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Ó wá fi bírò kan ibi tí mo kọ ọ́ sí pé kí omi inú àgbàdo má ju 13% lọ kí wọ́n tó dì í sápò. "Ìyá tó sá àgbàdo sẹ́bàá títì ní Kétu, kí ni yóò fi wọn èyí?"

N kò ní èsì. Ẹ̀rọ ló ń bá mi wọ̀n ọ́n látọdún yìí wá. Ó dùn mí wọra.

Mo gun zém, ọ̀kadà, lọ sílé Tàǹtí. Mo wá ìgò gbígbẹ kan, mo da àgbàdo dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, mo bu iyọ̀ gbígbẹ lé e, mo dé e, mo mì í dáadáa, mo gbé e kalẹ̀. Tàǹtí ò dúró dè mí. Wọ́n ju hóró kan sẹ́nu, wọ́n gé e. "Kò tíì gbẹ. Kò dún kà."

Nígbà tí mo fi máa gbé ìgò náà sókè, iyọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ yí ká bí ìrì. Omi inú àgbàdo náà ti lé ní 15% nìyẹn. Iyọ̀ ò lè sọ 13% fún ni o. Bí kò bá tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n ṣì tún sá a sí i.

Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú eyín Tàǹtí. Mo ti fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Tàǹtí ti ní kí n tètè dé láàárọ̀ ọ̀la, kí n bá àwọn gbé àpò àgbàdo méjì jáde sóòrùn.