"When" tó ń tẹ̀lé ọjọ́, ọdún àti àkókò

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "I remember the day when we met" àti "It was a day which I enjoyed". Ọ̀rọ̀ "day" ló ṣáájú nínú méjèèjì, síbẹ̀ "when" kò lè wọ èkejì. Lẹ́nu tiwa, "tí" kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: ọjọ́ tí a pàdé, ọjọ́ tí mo gbádùn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa fi ń kọ "a day when I enjoyed".

Ẹ fi ọwọ́ bo "when" mọ́lẹ̀, kí ẹ wá ka ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. "We met" ti pé, "when" bá a mu nìyẹn. "I enjoyed" kò pé, torí "enjoy" ń wá àbọ̀, "day" gan-an sì ni àbọ̀ ọ̀hún. "Which" tàbí "that" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí àkókò bá jẹ́ olùwà: "the year that changed everything".

Nínú ìwé ilé-iṣẹ́, "which" pẹ̀lú ọ̀rọ̀ atọ́kùn lè rọ́pò "when". Ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń yan atọ́kùn tirẹ̀: "the day on which", "the year in which", "the moment at which". "The day on when" kò sí rárá. "The day when I was born on" náà kò sí.

Kọ́mà tún ń yí nǹkan padà. "October 1, 1960, when Nigeria became independent, was a Saturday." A ti mọ ọjọ́ tí à ń sọ kí "when" tó dé, àfikún àlàyé lásán ló mú wá. "That" kò lè rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, a kò sì lè yọ ọ́ sọnù bí a ṣe ń sọ "the day we met" láìsí wàhálà.

Èyí tí mo fẹ́ kí àwa olùkọ́ fara balẹ̀ sí jù ni ti "will". A máa ń kọ́ ọmọ pé "will" kì í tẹ̀lé "when": "Call me when you arrive". Òótọ́ ni, àmọ́ "when" yẹn ń sọ ìgbà tí ìpè máa wáyé ni. Nínú "The day will come when you will thank me", "day" ni "when" ń ṣàpèjúwe, bí "will come" tilẹ̀ là wọ́n láàárín. Ẹ dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí "the day when you will thank me". "Will" kejì yẹn tọ̀nà. Ẹ má ṣe fi bírò pupa fagi lé e.