Àwọn kòkòrò tó ń jẹ epo rọ̀bì nínú òkun: ohun tí DNA wọn sọ àti èyí tí kò sọ

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2010, iná sọ lórí Deepwater Horizon, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo ní Gulf of Mexico, létí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ 11 ló kú, kànga Macondo tó wà ní nǹkan bí 1,500 mítà nísàlẹ̀ omi sì ń tú epo rọ̀bì àti gáàsì jáde títí di ọjọ́ 15 oṣù Keje. Kí oṣù Kẹjọ tó parí ni ìròyìn ti gba ìgboro pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú òkun ti ń jẹ epo náà. Ìròyìn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gé e kúrú jù, àwọn tó fẹ́ràn láti máa sọ pé òkun a máa tún ara rẹ̀ ṣe kò sì jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu wọn títí di òní.

Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìṣe bakitéríà kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sìn ín nínú àwo ní yàrá ìwádìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ti inú òkun kì í gbà kí wọ́n sin àwọn. Alcanivorax borkumensis wà lára àwọn tó gbà. Inú Òkun Àríwá, nítòsí erékùṣù Borkum ti ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n ti rí i. Ní ọdún 2006 ni wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo DNA rẹ̀ jáde, tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 3.1 lẹ́tà, ó sì hàn níbẹ̀ pé ó ní oríṣiríṣi ẹ́ńsáìmù (èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́) tó ń gé alkane, ìyẹn apá epo rọ̀bì tó rọrùn jù láti jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò gbà kí wọ́n sin àwọn ńkọ́? Ti àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka DNA tààrà láti inú omi òkun, láìsin ohunkóhun.

Iṣẹ́ náà kò ṣeé kánjú ṣe. Wọ́n á so ìgò mọ́ okùn wáyà, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ṣíṣí, tó bá sì dé ibú tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n á tẹ bọ́tìnì lórí ọkọ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè pa dé. Tí omi bá gòkè, wọ́n á sẹ́ ẹ pẹ̀lú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé bakitéríà kò lè kọjá, wọ́n á sì sáré gbé asẹ́ náà sínú fìrísà tó tutù tó ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni Terry Hazen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lawrence Berkeley National Laboratory bù láti inú ìkùukùu epo tó ń rìn ní nǹkan bí 1,100 mítà nísàlẹ̀, níbi tí omi ti tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n 5. Ìdílé bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Oceanospirillales ló kó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú omi náà, bẹ́ẹ̀ kò tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún nínú omi tí epo kò kàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìròyìn parí sí nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni èmi rò pé ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pé ìkòkò wà nílé kò sọ pé wọ́n dáná lónìí. DNA ń sọ ohun tí kòkòrò lè ṣe. RNA, tí sẹ́ẹ̀lì ń dà kọ láti ara jíìnì (apá DNA tó wà fún iṣẹ́ kan pàtó) nígbà tó bá fẹ́ lò ó, ló ń sọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ní ọdún 2012, Olivia Mason àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti ka DNA àti RNA inú ìkùukùu epo náà pọ̀, tí wọ́n sì tún ya àwọn sẹ́ẹ̀lì Oceanospirillales sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ka ti wọn. Àwọn jíìnì tó ń gé alkane wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn èyí tí kòkòrò fi ń wẹ̀ lọ síbi tí oúnjẹ wà. Àwọn jíìnì tó lè tú benzene, toluene àti àwọn PAH (àwọn èròjà epo tí òrùka kábọ́ọ̀nù so pọ̀ nínú wọn), tí í ṣe apá tó léwu jù fún ẹja àti ènìyàn, wà nínú DNA náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n RNA wọn kéré gan-an, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní rárá. Ẹni tó bá ka DNA nìkan yóò ròyìn pé gbogbo epo ni wọ́n ń jẹ. (Èmi náà ní iyèméjì kan: RNA bakitéríà kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, ìgò sì ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gòkè láti 1,100 mítà.)

Ọ̀rọ̀ etíkun tún yàtọ̀. Epo rọ̀bì ní kábọ́ọ̀nù lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n náítrójìn inú rẹ̀ kò tó nǹkan, kòkòrò kò sì lè pọ̀ sí i láìsí náítrójìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi da ajílẹ̀ sí etíkun Alaska lẹ́yìn tí epo Exxon Valdez dà síbẹ̀ ní ọdún 1989. Nínú iyanrìn Pensacola ní Florida, níbi tí epo Macondo gúnlẹ̀ sí, àwọn olùwádìí láti Georgia Tech rí bakitéríà kan tí wọ́n sọ ní Macondimonas ní ọdún 2019: jíìnì tó fi ń jẹ epo àti èyí tó fi ń fa náítrójìn láti inú afẹ́fẹ́ wà lára rẹ̀ pọ̀.

Tiwa ńkọ́? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, kànga epo Ororo-1 gbiná nínú òkun tó kọjú sí Awoye ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, iná náà sì jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, kò sì jìn. A kò lè yá àbájáde omi tútù ibú Macondo lò fún un. A tún gbọ́dọ̀ ní omi tí epo kò kàn láti fi wé e, ìyẹn kò sì rọrùn létíkun tí epo ti ń kàn tipẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ka DNA kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù mọ́, nítorí èyí tí wọ́n ń pè ní MinION kò ju ohun àtẹ́lẹwọ́ lọ, ara kọ̀ǹpútà alágbèéká sì ni wọ́n ń so ó mọ́. Fìrísà yẹn ni ìṣòro. Bí owó ìwádìí bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, òun àti iná mọ̀nàmọ́ná tí kò ní kú mọ́ ọn lórí ni n óò kọ́kọ́ ná an lé, kí n tó ra ẹ̀rọ kankan.